Ọ̀nà Tí Ẹsẹ̀ Kò Là: Ọjọ́ Kan Nínú Igbó Lẹ́kí

Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń gba ojú títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ lọ síbi iṣẹ́, nítorí Ṣàngótẹ̀dó ni mò ń gbé, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó yá fún ẹni tó ń lọ sí Victoria Island láàárọ̀. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, bí kọ̀ńdọ́ bá ti kígbe pé, "Chevron wọlẹ̀ o!", mo máa ń gbójú sókè wo ibi kan tí igi ti ṣú dùdù lẹ́yìn ògiri, kí n tó tún da ojú padà sórí fóònù mi. Mo mọ̀ pé igbó ni wọ́n pa mọ́ síbẹ̀. Mo sì mọ̀ pé afárá kan wà nínú rẹ̀ tó ga, tó ń mì, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọ̀rẹ́ mi ló ti ya fọ́tò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló tún wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí afárá, n kì bá tí rí èsì fún un.

Bàbá mi ló gbé mi débẹ̀ níkẹyìn. Wọ́n wá láti Ìdànrè nínú oṣù Kẹjọ kí dókítà lè yẹ ojú wọn wò, wọ́n sì ti lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko nínú fúláàtì wa, níbi tí ògiri aládùúgbò ti dí gbogbo fèrèsé. Ẹni tó ti fi ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún ro oko kòkó, tí ó sì máa ń fi ìbọn kọ́ èjìká lóru nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá ṣáká, kò lè rí irú ilé bẹ́ẹ̀ bí ilé. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé kò sí ibi tí igi wà nílùú yín yìí ni?" Mo ní ó wà. Ayọ̀mídé, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ilé ìwé wọn ti gba ìsinmi, ti wọ bàtà tán kí n tó parí ọ̀rọ̀.

Lekki Conservation Centre ni orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó o ni Nigerian Conservation Foundation, èyí tí Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, dá sílẹ̀ ní 1980, nígbà tí ọ̀rọ̀ pípa igbó àti ẹranko mọ́ ṣì dà bí ọ̀rọ̀ aláìríṣẹ́ṣe létí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Ní 1990 ni wọ́n dá ibùdó yìí sílẹ̀, pẹ̀lú owó ilé iṣẹ́ epo Chevron, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà nítòsí. Hẹ́kítà 78 ni ilẹ̀ náà, èyí tó ju ọgọ́rùn-ún pápá bọ́ọ̀lù lọ. Bí a bá fi wé igbó ọba tó wà lọ́nà ọ̀dọ̀ wa, kò ju ẹyọ ewé kan lọ, Bàbá mi sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ṣùgbọ́n ní Lẹ́kí, níbi tí wọ́n ti ń fi mítà wọn iye owó ilẹ̀, hẹ́kítà 78 tí ẹnikẹ́ni kò kọ́lé sí jẹ́ ohun tó yẹ kí ènìyàn dúró wò lẹ́ẹ̀mejì.

A san owó, a kọ orúkọ, a kọjá lára àwọn pátákó tí wọ́n ya àwòrán ọ̀nì, ọ̀bọ àti awọ́nríwọ́n sí, ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀. Pákó ni ọ̀nà náà. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ ní tọ̀tún tòsì, wọ́n tẹ́ pákó lé e lórí ní ẹsẹẹsẹ bí eyín ìyarun, wọ́n sì fi igi ṣe ibi ìdìmú sí àwọn apá kan, tó fi jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ńṣe ni ènìyàn ń rìn lókè ilẹ̀. Bàbá mi dúró lórí pákó kìíní, wọ́n fi ọ̀pá wọn kàn án bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. "Kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kí a rìn nílẹ̀?"

Ọ̀gbẹ́ni òṣìṣẹ́ tó dúró nítòsí ló dá wọn lóhùn. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, sà, kò sí ilẹ̀ níbẹ̀." Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pákó náà, a sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò. Òótọ́ ni. Ohun tí mo ti pè ní ilẹ̀ láti òkèèrè, omi ni, ewé jíjẹrà sì bò ó lójú débi pé ènìyàn lè fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé e. Àbàtà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú igbó yìí, nítorí àárín òkun àti ọ̀sà ni ilẹ̀ Lẹ́kí há sí, ó tẹ́, kò sì ga rárá, òjò tó bá rọ̀ sí i kì í tètè rí ibi gbà jáde. Bí ènìyàn bá la ọ̀nà ilẹ̀ sínú irú ibẹ̀, òjò kan ṣoṣo ni yóò gbé e lọ. Bí wọ́n bá sì kó iyanrìn dà sí i kó lè le, ọ̀nà náà yóò di odi láàárín igbó, omi kò ní lè ti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì, igi tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan á rì, ti èkejì á sì gbẹ. Pákó tó dá dúró lórí òpó ń jẹ́ kí omi máa lọ lábẹ́ rẹ̀, kí ẹranko kéékèèké sì máa kọjá, ẹsẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún àlejò kò sì ní tẹ gbòǹgbò kankan pa.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí kò kúrò lọ́kàn Bàbá mi. Bí a ti ń lọ ni wọ́n ń ṣàlàyé fún Ayọ̀mídé bí ọ̀nà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nínú igbó tiwọn. Wọ́n ní ẹranko ló kọ́kọ́ ń là á, nígbà tó bá ń lọ mu omi, nítorí ẹranko kì í gba ibi tí yóò rẹ̀ ẹ́. Ọdẹ á tẹ̀ lé ipa ẹranko. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á dá oko sí ẹ̀gbẹ́ ipa ọdẹ, ìyàwó rẹ̀ á máa ru ẹrù gba ibẹ̀, àwọn ọmọ á máa sá tẹ̀ lé e, koríko á sì kú lójú ọ̀nà. Bí ẹsẹ̀ bá tún kúrò níbẹ̀ fún ọdún méjì, igbó á gba tirẹ̀ padà. Wọ́n ní bí àwọn bá dé oríta, tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì mọ ọ̀nà, àwọn á já ewé dí ojú ọ̀nà tí kò gbọdọ̀ gbà, kò sì ní ṣìnà. "Ọ̀nà tiyín yìí, ẹsẹ̀ kọ́ ló là á. Káfíńtà ló kàn án." Ayọ̀mídé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé láti ìgbà náà lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀gbẹ́ pákó, ó ń wá ipa ẹranko nínú ẹrẹ̀.

Kò pẹ́ tí a fi dé ibi tí ọ̀nà ti pín. Ọ̀kan lọ síbi afárá orí igi, èkejì wọnú àbàtà. Gbogbo àwọn tó wọlé pẹ̀lú wa ló yà síbi afárá gíga, fóònù ti wà lọ́wọ́ wọn, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta kan sì ti ń tún ìpara ètè kùn. Èmi náà ti fẹ́ tẹ̀ lé wọn. Bàbá mi kọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ́kọ́ gun òkè, nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ kò ní jọ ọ́ lójú mọ́. N kò gbà pẹ̀lú wọn nígbà náà, àmọ́ mo gbà báyìí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ mi gba ìmọ̀ràn yìí gidigidi: ẹ kọ́kọ́ yí ìsàlẹ̀ ká. Àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n ní kò sí nǹkan nínú igbó Lẹ́kí, tí wọ́n ní àwọn kò rí ju pákó àti ewé lọ, àwọn tó sáré gun afárá lẹ́nu wákàtí kan, tí wọ́n sì sáré jáde ni.

Àwọn ọ̀bọ ló kọ́kọ́ pàdé wa. Wọn kò sá, wọn kò sì sún mọ́ wa jù. Irú tí wọ́n ń pè ní mona ni wọ́n, ẹ̀yìn wọn pupa rẹ́súrẹ́sú, àyà wọn funfun, tóótòòtó funfun méjì sì wà ní ìdí ìrù wọn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀bọ bá kọ̀yìn sí ọ tó ń lọ, ńṣe ló dà bí ẹni pé ojú wà ní ìdí rẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ. Ọ̀kan nínú wọn jókòó lórí igi ìdìmú, ó ń jẹ èso kan tí a kò mọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wú bí ti ẹni tó kó obì sẹ́nu. Àpò wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn tí wọ́n ń kó oúnjẹ pa mọ́ sí, kí wọ́n lè jẹ ẹ́ níbi tí ọkàn wọn ti balẹ̀. Bíṣíkíìtì tí Ayọ̀mídé fi sí àpò ṣòkòtò ni ọ̀bọ náà ń wò ní gbogbo àsìkò yìí. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi í sísàlẹ̀ báàgì mi, nítorí ọ̀bọ tí ènìyàn bá ti kọ́ ní bíṣíkíìtì kì í padà sídìí èso igbó mọ́, ọmọ tó bá kàn lọ́la ni yóò fi èékánná gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan wà nípa ọ̀bọ yìí tí mo ti kà tẹ́lẹ̀, tí mo sì sọ fún wọn níbẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà ní erékùṣù Grenada ní òkun Karibíánì pẹ̀lú, nítorí ọkọ̀ òwò ẹrú gbé díẹ̀ nínú wọn kọjá òkun, wọ́n sì bí sí i nínú igbó òkè ibẹ̀ títí dòní. Bàbá mi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ọ̀bọ pàápàá."

Láti ibẹ̀ ni àbàtà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jinlẹ̀. Omi ibẹ̀ dúdú, ó mọ́, ó dà bí omi àgbo tí a rẹ sínú ìkòkò mọ́jú, ohun kan náà ló sì fà á: ewé ni, tó ń bọ́ lọ́dọọdún, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yọ́ sínú omi tí kò ṣàn. Afẹ́fẹ́ tutù níbẹ̀ débi pé mo fi gèlè kékeré tí mo mú dání bo èjìká. Ariwo ojú títì, tó ti ń bá wa bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì wá kú pátápátá. N kò mọ̀ pé irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní ìwọ̀n ìrìn ogún ìṣẹ́jú sí ibi tí mo ti ń jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo.

Ògùrọ̀ ló jọba lórí àbàtà yìí. N kò tíì rí wọn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan rí. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè pè wọ́n ní ọ̀pẹ, nítorí ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n Bàbá mi kò jẹ́ kí Ayọ̀mídé ṣe àṣìṣe náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Wo ọ̀pẹ lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, ó dúró gbọnrangandan bí ọkùnrin tó ń retí ọkọ̀. Wo ògùrọ̀, láti ìdí ni imọ̀ rẹ̀ ti ń ya sókè, ó wà nínú omi, omi kò sì ṣe é ní nǹkan kan." Imọ̀ kan ṣoṣo lára ògùrọ̀ gùn ju yàrá wa lọ. Kò sí irú igi mìíràn láyé tí imọ̀ rẹ̀ gùn tó ti ẹ̀yà ògùrọ̀, èyí tí mo mọ̀ láti inú ìwé, ṣùgbọ́n tí kò yé mi àfi ìgbà tí mo dúró lábẹ́ rẹ̀, tí mo gbórí sókè wá òpin rẹ̀, tí n kò rí i.

Ibẹ̀ ni a ti dúró pẹ́ jù lọ, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu Bàbá mi. Wọ́n sọ bí a ṣe ń bó ìko lára ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tí a fi ń hun ẹní, tí a fi ń lọ́ okùn, tí a sì fi ń ṣe aṣọ fún àwọn kan nínú eégún. Wọ́n sọ bí igi àárín imọ̀ rẹ̀ ṣe fúyẹ́ tó sì le, tí a fi ń ṣe àjà ilé àti àká, tí àwọn ará etí omi sì fi ń ṣe ọgbà ìpẹja. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ẹmu, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Wọ́n ní ọ̀pẹ dà bí ìyá olómọ púpọ̀: ẹlẹ́mu lè gùn ún lọ́dún yìí, kó gùn ún lẹ́ẹ̀mìíràn, ọ̀pẹ á ṣì wà níbẹ̀. Ògùrọ̀ kì í so ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Yóò dàgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìso èso kankan, gbogbo agbára rẹ̀ ni yóò kó pa mọ́ sínú ara, bí àkókò rẹ̀ bá sì tó, yóò tú gbogbo rẹ̀ jáde sínú òdòdó àti èso lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì kú. Ẹlẹ́mu tó gbọ́n ló mọ ọ̀sẹ̀ tí ìyẹn fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí yóò gùn ún kó tó tanná, kí adùn tí igi náà ti ń kó jọ má baà lọ sínú èso. Ìdí nìyẹn tí ẹmu rẹ̀ fi ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ohun tó fẹ́ fi bímọ ni a ń mu," ni Bàbá mi wí, wọ́n sì fi ọ̀pá tọ́ka sí ògùrọ̀ kan tó ti kú lóòró, tí olú ti hù sí lára, tí èéhù ọmọ rẹ̀ sì yí i ká nínú omi.

Ní iwájú díẹ̀, ọ̀nà yà lọ sí ibì kan tí wọ́n kọ́ ahéré onípákó sí létí omi tó là gbaranja, kí ènìyàn lè fara pamọ́ síbẹ̀ wo ẹyẹ. Ibùba ni Bàbá mi pè é lójú ẹsẹ̀. Wọ́n kọ́ Ayọ̀mídé bí wọ́n ṣe ń jókòó sínú ibùba: kí ó má ṣe wo ohun kan pàtó, kí ó jẹ́ kí ojú rẹ̀ gba gbogbo omi náà lápapọ̀, ohunkóhun tó bá mì ni yóò pe ojú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, a kò rí nǹkan kan, ẹ̀fọn sì ń jẹ mí. Lẹ́yìn náà ni ẹyẹ kan tí àyà rẹ̀ pupa bí osùn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì rí bí aró, já bọ́ láti orí ẹ̀ka lu omi, ó sì padà sórí ẹ̀ka náà pẹ̀lú ẹja kékeré. Ojú Bàbá mi kò bá a, nítorí àìsàn ojú tí wọ́n wá tọ́jú. Ayọ̀mídé ló sọ ọ́ fún wọn lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, àwọ̀ rẹ̀, bí ó ṣe fò, ibi tó bà sí. Ewé ojúoró léfòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, Bàbá mi sì gbàdúrà fún un níbẹ̀ pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, yóò lékè. A kò rí ọ̀nì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà lọ pẹ̀lú ìrètí ńlá: ọ̀nì wà níbẹ̀, ẹtu àti òkété náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ rí òkété lọ́sàn-án?

Pápá kékeré kan wà tí ọ̀nà gbà kọjá, tí oòrùn ti bá wa, n kò sì ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀ ju pé ó dùn mọ́ ènìyàn láti rí ọ̀run lẹ́yìn òkùnkùn àbàtà. Ilé orí igi tí gbogbo ènìyàn ń sọ náà wà. Ó ga, àkàbà rẹ̀ sì dúró ṣánṣán. Èmi àti Ayọ̀mídé gùn ún dé ìdajì, Bàbá mi dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń pariwo pé ẹ̀gùn tí ọdẹ ń ṣe sórí igi láti dúró de ẹran kò nílò ju igi mẹ́ta àti okùn lọ.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé ibi afárá gíga. Mítà 401 ni gígùn rẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ ní 2015, wọ́n sì máa ń pè é ní afárá orí igi tó gùn jù lọ ní Áfíríkà. Ti Kakum lórílẹ̀-èdè Gánà ṣáájú rẹ̀, nítorí 1995 ni wọ́n ṣí ìyẹn, afárá méje sì ni wọ́n so kọ́ sára igi ńláńlá inú igbó níbẹ̀. Irú igi bẹ́ẹ̀ kì í hù nínú àbàtà Lẹ́kí, nítorí náà, ilé ìṣọ́ mẹ́fà ni wọ́n kọ́ dúró fúnra wọn, tí wọ́n sì ta wáyà láti ọ̀kan dé èkejì, ibi tó ga jù lọ níbẹ̀ sì jẹ́ mítà 22.5 sí ilẹ̀. Pákó tóóró kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Àwọ̀n ló wà lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá ti gorí rẹ̀ kò gbọdọ̀ padà sẹ́yìn, iwájú ni gbogbo ènìyàn ń lọ.

Mo rò pé Bàbá mi yóò kọ̀. Wọn kò kọ̀. Wọ́n gbé ọ̀pá wọn fún mi, wọ́n di wáyà mú lọ́wọ́ méjèèjì, Ayọ̀mídé sì wà níwájú wọn, ó ń sọ fún wọn pé, "Ẹ gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ sókè níbí, Bàbá àgbà. Ẹ dúró ná, ó ń mì. Ó yá, ẹ máa bọ̀." Afárá náà ní ìṣesí tirẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́ta bá ń rìn, tí ìgbẹ́sẹ̀ wọn sì dọ́gba, ńṣe ni mímì rẹ̀ ń pọ̀ sí i bí jàǹgírọ́fà tí à ń tì, bí ìgbẹ́sẹ̀ wọn kò bá dọ́gba, yóò rọlẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ èyí fún wa, àtẹ́lẹsẹ̀ ló kọ́ wa. Ní ilé ìṣọ́ kẹta, Bàbá mi dúró mí, wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n ní, "Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu." Omijé fẹ́ bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù gíga náà kò jẹ́ kó ráyè.

Láti òkè yìí ni mo ti rí ohun tí mo kọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí rẹ̀. Lábẹ́ wa, orí àwọn ògùrọ̀ tí a ti kọjá lábẹ́ wọn láàárọ̀ tẹ́jú bí ẹní aláwọ̀ ewé. Níbi tí ẹní náà pin sí, òrùlé bẹ̀rẹ̀, pupa, aró, eérú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kò sì sí àlàfo láàárín wọn. Mo wá rí i pé ilẹ̀ kan náà ni. Kò sí òkè, kò sí odò tó pààlà sí wọn. Ògiri nìkan ni. Iyanrìn ni wọ́n dà sórí àbàtà níbi tí òrùlé wà, wọ́n ti ilẹ̀ sókè, wọ́n sì fún un lórúkọ ẹ̀sìtéètì. Nínú òjò ọdún tó kọjá, omi wọ ilé ọ̀rẹ́ mi kan ní àdúgbò wọn títí dé orí àga, ó sì ń bi gbogbo ènìyàn pé níbo ni omi ti wá. Omi kò wá láti ibì kankan. Ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ká ní mo kọ́kọ́ gun afárá gíga láàárọ̀, ewé ni n bá rí, òrùlé ni n bá rí, n kì bá tí mọ ohun tó wà lábẹ́ àwọn méjèèjì.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ, ìwọ̀nba ohun tí mo lè sọ nìyí. Àárín ọ̀sẹ̀ dára ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ, nítorí ariwo, àárọ̀ sì dára ju ọ̀sán lọ. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn nítorí ẹ̀fọn. Bàtà tó ní pelebe rọ́bà nísàlẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà aláwọ tí mo wọ̀, tó ń yọ̀ lórí gbogbo pákó tí ewédò ti hù sí, tí mo sì fi ìdí jókòó lẹ́ẹ̀kan níwájú àwọn ọmọbìnrin onífóònù wọ̀nyẹn. Ẹ mú omi dání. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà tó mọ igbó, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín lọ, kò sí pátákó tí wọ́n kọ ohun tí Bàbá mi sọ fún wa sí.

A sinmi díẹ̀ lórí pápá tí àwọn ẹbí ti máa ń jẹun, níbi tí Ayọ̀mídé ti bá àwọn ọmọ kan ta lúdò ńlá tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn lójú rẹ̀. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, Bàbá mi ní kí n dúró. Wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, wọ́n yí àtẹ́lẹ̀ bàtà wọn wò, wọ́n tún yí ti òsì wò. Ó mọ́ tónítóní, àfi ewé koríko kan tó lẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́, láti àárọ̀ ni mo ti wọ igbó, ẹrẹ̀ kò kan bàtà mi." Wọ́n mi orí, wọ́n yọ ewé koríko náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi kọ̀ńdọ́ tó ti ń pè wá pé èló ni Ṣàngótẹ̀dó.